Àwọn Fọ́tò Àtijọ́ Ìlú St Andrews

Ìlú kan wà ní etí Òkun Àríwá, ní ilẹ̀ Fife ní Skọ́tlándì, tí a ń pè ní St Andrews. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ni ó mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà Àtúnṣe Ìjọ: níbẹ̀ ni a ti dáná sun Patrick Hamilton ní ọdún 1528, àti George Wishart ní ọdún 1546. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni àlàpà ilé ìsìn ńlá tí a yà sí mímọ́ ní ọdún 1318 wà. Ìtàn mìíràn ni a fẹ́ sọ nísinsin yìí, èyíinì ni ti àwọn fọ́tò tí a yà ní ìlú náà nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ohun tí wọ́n pa mọ́ fún wa, àti ohun tí wọn kò lè pa mọ́.

Ọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Henry Fox Talbot, ni ó rí ọ̀nà láti fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ya àwòrán sórí ìwé tí a sì lè tẹ ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀. A ó fi oògùn tí a ti ara fàdákà ṣe pa ìwé lára, a ó sì gbé e sínú àpótí tí ó ní dígí ní iwájú. Ohun tí ó mọ́lẹ̀ a di dúdú lára ìwé náà, ohun tí ó ṣókùnkùn a di funfun; nígbà tí a bá tún tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìwé mìíràn, olúkúlùkù a padà sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 1841 Talbot gba ìwé àṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọgbọ́n náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìgba ìyọ̀ǹda òun. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò dé Skọ́tlándì. Sir David Brewster, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní St Andrews, sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Talbot. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀ láàrin wọn. Báyìí ni ọgbọ́n tí a dè mọ́lẹ̀ ní ibi tí a gbé bí i ṣe rìn fàlàlà ní ìlú kékeré yìí.

Dókítà John Adamson, oníṣègùn ní ìlú náà, fi sùúrù dán iṣẹ́ náà wò títí ó fi yege. A gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n Talbot ya ojú ènìyàn ní Skọ́tlándì, ní ọdún 1841. Ó kọ́ Robert àbúrò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ kò le, ní iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1843 Robert lọ sí Edinburgh láti máa fi í jẹun. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà gan-an ni àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ju 400 lọ jáde kúrò nínú Ìjọ Skọ́tlándì, nítorí wọn kò gbà pé kí àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ máa fi òjíṣẹ́ jẹ lórí ìjọ tí kò fẹ́ ẹ. Wọ́n fi ilé àti owó oṣù wọn sílẹ̀, wọ́n sì dá Ìjọ Òmìnira sílẹ̀. Ayàwòrán kan, David Octavius Hill, pinnu láti fi ọ̀dà ya gbogbo wọn sínú àwòrán ńlá kan. Brewster gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí Robert ya fọ́tò ojú wọn kí wọ́n tó tú ká. Àwọn méjèèjì di alábàáṣiṣẹ́, wọ́n sì ya fọ́tò bí 3,000, títí ikú fi mú Robert ní St Andrews ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1848, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26 péré.

Iṣẹ́ ìgbà náà kò yá bí ti òde òní. Ìta gbangba nínú oòrùn ni a ti ń ya fọ́tò, ẹni tí a sì ń yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá yí orí, ojú rẹ̀ a di bí ìkùukùu. Ẹni tí ó bá kọjá lọ, a kò ní rí i rárá. Nítorí náà, bí a bá rí òpópónà St Andrews nínú fọ́tò àtijọ́ tí ó pa rọ́rọ́ bí ẹni pé ìlú ti tú, kí a má ṣe gbà á gbọ́ tán. Ó lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìwé kò lè mú wọn.

Fọ́tò kan wà tí Hill àti Robert Adamson yà ní North Street, ní àdúgbò àwọn apẹja. Àwọn obìnrin àti ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n jókòó níwájú ilé tí àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ gba ìta gòkè, wọ́n ń fi ìjẹ sí ẹnu ìwọ̀. Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ilé nìyẹn: bí obìnrin kò bá fi ìjẹ sí ìwọ̀, ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ kò lè jáde lọ sójú òkun. A rí aṣọ wọn, a rí agbọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n àkọlé fọ́tò náà kò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní tiwọn wà nínú àwòrán ńlá Hill, èyí tí ó parí ní ọdún 1866, a sì ṣe ìwé àlàyé tí ó sọ ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Ní Newhaven, abúlé apẹja lẹ́bàá Edinburgh, orúkọ díẹ̀ ni ó kù, bí ti Elizabeth Johnstone Hall tí ó ń ta ẹja. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó tàn sára òjíṣẹ́ àti ẹlẹ́ja, àpótí kan náà ni ó gba ojú wọn. Ọwọ́ ẹni tí ó di kálámù mú ni kò dọ́gba.

Iṣẹ́ náà kò kú pẹ̀lú Robert. Thomas Rodger, ẹni tí Dókítà Adamson kọ́, di onífọ́tò ìlú náà, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1866. Ní ìgbà tirẹ̀, wọ́n ti ń lo dígí dípò ìwé nínú àpótí, ènìyàn kò sì ní láti dúró pẹ́ mọ́. Ọ̀nà rélùwéè ti dé láti ọdún 1852, àwọn àlejò sì ń wá wẹ̀ nínú òkun, wọ́n ń wá gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Rodger ya ọ̀mọ̀wé, ó ya akẹ́kọ̀ọ́, ó ya agbágọ́ọ̀fù, ó sì ya apẹja. Lónìí iṣẹ́ ẹja pípa ti dínkù púpọ̀ níbẹ̀, àdúgbò àwọn apẹja sì ti yí padà. Ilé ìkàwé yunifásítì ìlú náà ń tọ́jú púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò wọnnì, àwọn tí ń wá ìtàn ìdílé wọn sì ń wò wọ́n fínnífínní, bóyá wọn yóò rí ojú ìyá ńlá wọn.

Àwọn baba wa wí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Fọ́tò tí kò ní orúkọ dà bí ẹṣin tí kò ní ìjánu: gbogbo ènìyàn lè wò ó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fà á wá sílé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí fọ́tò àwọn àgbà bá wà nínú àpótí yín, ẹ mú un tọ ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé lọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ẹ bi í pé ta nìyí, ọmọ ta ni, níbo ni, ọdún wo ni. Ohun tí ó bá wí, ẹ rọra fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò náà, ẹ má sì fi ìyá tí ó jókòó ti agbọ̀n sílẹ̀ láìkọ orúkọ rẹ̀.