Níbo La Ti Ń Jẹun ní Rio Vermelho? Ìtàn Àtẹ Àkàrà Létí Òkun Bahia

Ká ní ẹ balẹ̀ sí ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ebi sì ń pa yín. Ẹni tó bá mọ ìlú náà dáadáa yóò sọ fún yín pé kí ẹ lọ sí Rio Vermelho. Àdúgbò etí òkun ni. Ilé ọtí wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ ẹja wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ilé kankan ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ìta gbangba la ó ti jẹun, níwájú obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè, tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tó jókòó ti agbada epo pupa. Ohun tó ń dín nínú epo náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Àkàrà ni.

Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè Potogí. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ìpolówó ọjà ló di orúkọ. Àwọn obìnrin wa ń kiri, wọ́n ń ké pé kí aráyé wá ra àkàrà jẹ. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá gbá "àkàrà" àti "jẹ" mú, wọ́n so wọ́n pọ̀, ó di orúkọ oúnjẹ. Ẹ óò rí i kà káàkiri pé "àkàrà" túmọ̀ sí "bọ́ọ̀lù iná" ní èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀, ká kọjá lọ.

Ohun tó yẹ ká béèrè ni bí àtẹ àkàrà ṣe dé etí òkun yẹn, àti ẹni tó jà á títí tí kò fi kúrò níbẹ̀.

Àtẹ tó ra òmìnira

Ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ Salvador dó. Òun ni olú-ìlú Bràsíìlì títí di ọdún 1763, ó sì wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti já ẹrú sílẹ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ wa kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn wa ni wọ́n tà gba Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó kọjá sí Bahia. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn Nagô tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ṣíwájú ọ̀tẹ̀ Malê ní oṣù Kìíní ọdún 1835. Ẹ wo "Malê" yẹn dáadáa, "ìmàle" tiwa náà ni.

Kì í ṣe oko ìrèké nìkan ni wọ́n ti ń lo ẹrú. Nínú ìlú, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní ganho. Olówó ẹrú yóò rán ẹrú rẹ̀ jáde láàárọ̀ kó lọ ta ọjà tàbí kó lọ ru ẹrù, yóò sì dá iye kan lé e tó gbọ́dọ̀ mú wálé. Ohun tó bá lé lórí iye yẹn, ti ẹrú ni. Àwọn ọkùnrin ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn obìnrin ń gbé àtẹ oúnjẹ lérí. Luís dos Santos Vilhena, ará Potogí kan tó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní Salvador, kọ lẹ́tà ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ń ráhùn pé láti inú ilé àwọn ọlọ́lá gan-an ni àwọn ẹrú ti ń gbé oúnjẹ jáde lọ tà ní ìgboro. Acarajé wà lára àwọn oúnjẹ tó dárúkọ. Ohun tó rí bí ìtìjú yẹn, àwọn obìnrin tó ń gbé àtẹ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ìwé òmìnira. Èrè kékeré tó ń ṣẹ́kù lórí àkàrà, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń dá owó jọ láti fi ra ara wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń dá èésú nílé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí obìnrin kan tó rí owó ara rẹ̀ san, kó tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, wọn kò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀, wọn kò fún ẹnikẹ́ni lówó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ní àtẹ tẹ́lẹ̀ ló ní nǹkan ọwọ́. Ìyá kọ́ ọmọ, ìyá àgbà kọ́ ọmọ-ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ọya ló ni àkàrà, Yemọja ló ni etí òkun

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí àkàrà yìí pẹ́ ni ilé òrìṣà. Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã, ló ni àkàrà, nílé àti lẹ́yìn odi. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á jẹ́ ọmọ ilé òrìṣà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà á gẹ́gẹ́ bí ara ìsìn wọn sí Ọya. Aṣọ funfun, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ̀ ń rí lára alákàrà Bahia lónìí, kì í ṣe torí àwọn tó ń ya fọ́tò ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà, àwọn obìnrin Yorùbá ló dá a sílẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ alákàrà ṣì máa ń dín àkàrà kéékèèké ṣáájú, wọ́n á fi í fún Èṣù kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀.

Rio Vermelho fúnra rẹ̀, abúlé apẹja ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn olówó Salvador sọ ọ́ di ibi ìsinmi àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ni ìlú bá gbòòrò títí tó fi gbé e mì. Àwọn apẹja kò kúrò. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja lójú òkun kí ẹja lè pọ̀. Lónìí, ọjọ́ 2 oṣù Kejì kì í ṣe ọjọ́ kékeré níbẹ̀. Èrò á kún etíkun láti òru, wọ́n á kó òdòdó, lọ́fínńdà àti jígí sínú agbọ̀n, àwọn apẹja á sì fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ojú agbami. Ẹ rántí pé odò Ògùn ni Yemọja ní nílé wa. Níbẹ̀, òkun ló wá di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá jẹun

Gbàgede méjì ni kí ẹ mọ̀. Èkíní ni Largo de Santana, nítòsí ilé àwọn apẹja. Ibẹ̀ ni àtẹ Dinha wà. Ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ni Dinha ti jogún iṣẹ́ náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn débi pé Largo da Dinha ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbàgede náà. Ó kú ní ọdún 2008, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gba àtẹ. Àtẹ Regina náà wà ní gbàgede yìí. Gbàgede kejì ni Largo da Mariquita, níbi tí àtẹ Cira wà. Itapuã, àdúgbò etí òkun mìíràn, ni Cira ti kọ́kọ́ lórúkọ. Òun náà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àtẹ rẹ̀ kò sì kú. Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ Salvador méjì, ẹ kàn bi wọ́n pé àkàrà ta ló dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àkàrà ibẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ bíi tiwa. Ọ̀sán rọ̀ kí iná agbada tó gbóná, ó sì lè di òru kó tó kú. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó ni wọ́n ń lọ̀, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i, wọn kì í lọ ata mọ́ ọn. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó sì tóbi bí ìkúùkù. Tó bá jinná, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á wá kó nǹkan sí i nínú: vatapá, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, ata ilẹ̀, omi àgbọn àti epo pupa sè; caruru, tó jẹ́ ọbẹ̀ ilá; tòmátò tútù; àti edé gbígbẹ. Gbogbo ìkóǹkún yìí kò sí níbẹ̀ láti ìpilẹ̀. Manuel Querino, akọ̀tàn ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Bahia jáde ní ọdún 1928 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé àkàrà tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ata àti edé jẹ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn kan. Ìyá alákàrà lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó jẹ́ "quente", ìyẹn ni pé kó gbóná. Kì í ṣe iná ló ń bi yín, ata ni. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ èyí tí wọ́n dín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní abará. Ẹ̀wà kan náà ni, àmọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi pọ́n ọn kí wọ́n tó sè é. Ẹni tó bá mọ ọ̀ọ̀lẹ̀ ti mọ ìbátan rẹ̀.

Ìjà lórí ìjókòó

Ẹni tó bá rí i bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́jẹ́ lè rò pé kò sẹ́ni tó yọ wọ́n lẹ́nu rí. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lu ìlù wọn. Ìyẹn ni pé ilé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn alákàrà ti wá, ojú ọ̀ràn ni ìjọba fi ń wò ó.

Nígbà tó yá, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta àkàrà kan náà láìwọ aṣọ funfun, wọ́n ń pè é ní "àkàrà Jésù". Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Nílé wa, àkàrà kò ní ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ń fi ṣe sàráà, onígbàgbọ́ ń fi mu ògì láàárọ̀ Sátidé, a sì ń dín in pín nígbà tí àgbàlagbà bá papò dà. Ọmọ Yorùbá lè sọ pé kí oníkálukú máa tà á bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ní Bahia, àwọn ọmọ òrìṣà ló gbé e la oko ẹrú já, tí wọ́n sì jìyà nítorí ẹ̀sìn kan náà. Láti tọ́jú oúnjẹ kí a sì fọ orúkọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ dànù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun àwọn ìyá náà. Ní ọdún 1998, ìjọba ìlú Salvador ṣe òfin lórí bí wọn yóò ṣe máa tà á àti aṣọ tí wọn yóò máa wọ̀. Ní ọdún 2005, IPHAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ alákàrà Bahia sínú ìwé ohun àjogúnbá Bràsíìlì. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe àkàrà nìkan.

Ìwé nìkan kò tó o. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, òfin FIFA kò fẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe alájọṣe wọn tajà ní pápá ìṣeré Fonte Nova àti àyíká rẹ̀. Àwọn ìyá tó ti ń ta àkàrà fún èrò bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá di ẹni tí wọ́n fẹ́ lé. Ẹgbẹ́ wọn, ABAM, kò gbà. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ, wọ́n sì wọ aṣọ funfun wọn lọ fi ẹ̀hónú hàn nígbà tí wọ́n ń ṣí pápá náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2013. FIFA ló padà yí ohùn padà. Nígbà tí ìdíje Confederations Cup dé ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àkàrà wà níbẹ̀.

Ilé wa ńkọ́?

Nígbà tí mo wà ní 200 level, ìyá kan wà tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a ń gbé. Ó mọ ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì dé, ó sì máa ń sọ pé ká jẹun ná. Lọ́jọ́ kan, a jí, a kò bá a. Wọ́n ní wọ́n ń tún àyíká ṣe. Àwa tó ń jẹ àkàrà rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹnì kan nínú wa tó kọ lẹ́tà, kò sí ẹni tó béèrè ibi tó lọ. A kàn wá ibòmíràn ra àkàrà. Ó dùn mí jù pé n kò mọ orúkọ rẹ̀. "Ìyá Alákàrà" ni gbogbo wa ń pè é.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn Rio Vermelho fi wọ̀ mí lára. Àwọn oníbàárà Dinha mọ Dinha. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní pápá ìṣeré, àwọn tó ń jẹ àkàrà wà lára àwọn tó bu ọwọ́ lùwé.

Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín dé Salvador, kó jẹ ọ̀kan fún mi ní Largo de Santana, kí ata pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àtẹ àkàrà kan wà nítòsí yín láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ kí ìyá tó ni ín dáadáa, kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.