Ẹja Tí Ó Gba Àmì

Apẹja tí ń da àwọ̀n sí ọ̀sà mọ̀ pé ojú kò lè ka ẹja inú omi. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà. Ní àwọn ọdún 1890, ọ̀mọ̀wé Petersen, ará Denmark, so àmì mọ́ ẹja lára, ó sì dá wọn padà sínú omi. Bí a bá fi àmì sí ẹja 100, tí a tún wá pa 200, tí àmì sì wà lára 10 nínú wọn, ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú 20 ni ó ní àmì. Ẹja omi náà yóò tó 2,000.

Láàárín 2015 sí 2020, ICCAT, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń bójú tó ẹja túnà, fi àmì sí ẹja tí ó lé ní 120,000 nínú òkun Àtìláńtíìkì. Apẹja tí ó bá dá àmì padà a máa gba ẹ̀bùn. Nọ́ńbà ara àmì ni ó ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹja ti wá àti bí ó ti dàgbà tó.

Ẹni tí ń ná owó tí kò kà, òfo ni yóò bá lápò. Bí ẹ bá rí àmì lára ẹja, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti pa á sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ẹja ìjọba létí.