Ìdíje Kẹ̀kẹ́ láti Paris sí Brest

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó wáyé ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1891 fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn. Akọ̀ròyìn kan, Pierre Giffard, ni ó dá a sílẹ̀: láti Paris lọ sí Brest létí òkun, kí a sì padà, nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Kẹ̀kẹ́ tí ẹnìkan bá gùn jáde ni ó gbọdọ̀ gùn wọlé.

Táyà oníafẹ́fẹ́ ṣì jẹ́ ohun titun. Ti Charles Terront, iṣẹ́ ọwọ́ Michelin, ṣeé bọ́ kúrò lára irin. Bí ó bá jò, kò pẹ́ẹ́ lẹ̀. Jiel-Laval ni ó kọ́kọ́ dé Brest, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó dúró sùn. Òru ọjọ́ náà ni Terront kọjá lára rẹ̀. Ó wọ Paris lẹ́yìn wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú 22, láìsùn rárá.

Ní ọdún 1931 ni a ya àwọn tí kì í fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ sọ́tọ̀. Lónìí, àwọn ni ó ń gùn ún ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, wákàtí 90 sì ni gbèdéke. Kí a tó gbà wọ́n, wọn a ti gun 200, 300, 400 àti 600 kìlómítà lọ́dún kan náà. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń mọ oúnjẹ tí ikùn rẹ̀ gbà lójú ọ̀nà, àti bí a ti ń lẹ táyà nínú òkùnkùn. Ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe, kò tíì mọ̀ ọ́n gùn.