57 kì í ṣe prime, Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni o, ṣùgbọ́n ìtàn ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Ní JSS1, tíṣà bi mí bóyá prime ni 57. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, mi ò sì nawọ́ mọ́ títí táàmù fi parí. Ẹ̀yin náà ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Alexander Grothendieck, tó gba Fields Medal ní 1966, náà fi 57 ṣe àpẹẹrẹ prime.

Àfi ìgbà tí mo lọ sí Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, tí mo ń kọ́ àbúrò mi níṣẹ́ iléèwé. Ọsàn Ìyá Àgbà la fi ń ṣe é. Ẹ kó ọsàn mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, ẹ pín in ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, bó ṣe wù yín: nǹkan á ṣáà ṣẹ́ kù. Prime nìyẹn. Méjìdínlógún ní tiẹ̀ máa ń pín tán. Composite nìyẹn.

Àbúrò mi wá dé orí fifty-seven, ó dúró. Ìyá Àgbà ní, "Èwo ni ìyẹn?"

Mo ronú díẹ̀ (ẹ wo ìtìjú!) kí n tó ní, "Ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta, mà."

"Á pín ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣebí ọgọ́ta ń pín? Ẹ sì ti mú mẹ́ta kan kúrò níbẹ̀."

Mo dákẹ́. Òkìtì mọ́kàndínlógún géérégé!

Orúkọ yẹn ní ìtàn. Adolphus Mann, ọmọ Jámánì tó jẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ní 1862, kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ: wọ́n á da àpò kan sílẹ̀, wọ́n á máa fa márùn-ún márùn-ún lọ́nà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì, ó di igba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe kà á dé ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Gbogbo ibi tí kíkà yẹn ti ń sinmi, composite ni. Ta ló fẹ́ fi mọ́kàndínlógún di owó?

Torí náà ni ọgọ́ta fi jẹ́ ogún mẹ́ta, tí 57 sì ń fara ti ọgọ́ta. Òyìnbó ń wo ẹ̀yìn, àádọ́ta àti méje, kò sì rí nǹkan kan. Àwa ń wo iwájú.

Ọgbọ̀n, ọgọ́ta, àádọ́rùn-ún: bí ẹ̀ta bá dín tàbí tó lé lórí wọn, composite ni. 27, 33, 57, 63, 87, 93. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣíṣẹ́ ṣá o. Oókànléláàádọ́rùn-ún, 91, fi ara pa mọ́ fún Yorùbá náà: méje lọ́nà mẹ́tàlá ni. Àbúrò mi fi í dán Ìyá Àgbà wò. Wọ́n ní ọsàn àwọn ò tó bẹ́ẹ̀, kó dìde lọ pọnmi.

Ẹ̀tàdínlọ́gọ́fà ńkọ́? Mò ń dúró de yín.