Ìtàn Iná Alẹ́ Nínú Ilé Wa

 Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ń ka ìwé yìí lẹ́yìn oko àti ọjà, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ wo iná tí ẹ fi ń kà á. Kí ni ẹ ń pè é? Bí ẹ bá ń pè é ní fìtílà, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa pe orúkọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá fẹ́ jáde lóru yóò tan ògùṣọ̀. Ìhá tó kù lẹ́yìn tí a bá ti fún epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú yàrá, àtùpà ni. Àwo amọ̀ kékeré ni. Wọ́n á da epo pupa tàbí àdín sí i, wọ́n á lọ́ òwú, wọ́n á kì í bọ inú epo náà, wọ́n á jẹ́ kí orí òwú yọ síta, wọ́n á sì tan án.

Kò sí ìṣáná nígbà náà. Bí iná ìdáná bá kú, wọ́n á rán ọmọ lọ sí ilé kejì pé kó lọ fọnná wá. Ọmọ náà á mú àpáàdì dání, wọ́n á bu ẹyín iná sí i fún un, á sì máa sáré bọ̀ kí ó má baà kú lọ́nà. Ọmọdé òde òní kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, fọnná. Mo bi àwọn ọmọ mi. Ọ̀kan ní ṣé bí èèyàn ṣe ń fọnkun ni.

Ọ̀rọ̀ yìí, fìtílà, kì í ṣe tiwa láti ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti gbà á, bí a ṣe gba àlùbọ́sà. Òwú tí a lọ́ sínú epo gan-an ni àwọn Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ yín ló ní iná tí a ń gbé sínú oòrùn. Kò lówú, kò lépo, síbẹ̀ fìtílà ni a ṣì ń pè é.

Epo òyìnbó ló lé epo pupa kúrò nínú àtùpà. Ọkùnrin ará Kánádà kan, Abraham Gesner, ló fún un ní orúkọ kẹrosíìnì ní nǹkan bí ọdún 1850. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìda ló ti fa orúkọ náà yọ. Ní ọdún 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni epo fìtílà ti pọ̀ tí ó sì rọ̀ lọ́jà. Nígbà tí wọ́n bá ń se epo ilẹ̀ yìí, oríṣi kan tó fúyẹ́, tó ń tètè gbaná, máa ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí mọ́tò nígbà náà. Wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá fi ṣe, ọ̀pọ̀ ń dà á nù ni.

Ọdún 1886 ni Karl Benz, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ fún mọ́tò tó ṣe. Ọdún 1886 yìí kan náà ni ogun Dàhọ̀mì kó Kétu. Wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà sáàárín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ahoro ni Kétu lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ ṣì wà ní oko ẹrú ní Dàhọ̀mì. Ta ni ì bá bi wọ́n?

Ìlà yìí wọ inú ilé wa. Odó, ọlọ, ẹní, igbá, orúkọ kan náà ni àwa àti àwọn ará Ìmẹ̀kọ jọ ń pè wọ́n, nítorí wọ́n ti wà kí ìlà tó dé. Àwọn ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ wọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, petoróòlù ni epo fìtílà, ẹsáǹsì ni epo mọ́tò. Lọ́dọ̀ wọn, kẹrosíìnì ni epo fìtílà, pẹtiróòlù ni epo mọ́tò. Ẹ gbọ́ bí petoróòlù àti pẹtiróòlù ti jọra tó! Inú ọ̀rọ̀ Látìn kan náà ni méjèèjì ti wá, tó túmọ̀ sí epo inú òkúta. Faransé fún epo fìtílà ní orúkọ náà. Gẹ̀ẹ́sì fún epo mọ́tò.

Ìyá mi kékeré fi ara gba èyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Wọ́n lọ ná ọjà ní òdì kejì ààlà, ilẹ̀ sì ṣú bá wọn nílé ẹbí wa kan. Epo tán nínú lántà. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan ta petoróòlù ìgò kan fún àwọn. Ó tà á. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òórùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n àwọn rò pé bí ti ibẹ̀ ṣe ń rùn nìyẹn. Wọ́n rọ ọ́ sínú lántà, wọ́n ṣá ìṣáná. Iná bú gbàmù kí ìṣáná tó kan òwú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn jó dé ìgúnpá. Iyanrìn ni àwọn ará ilé fi pa iná náà.

Ọmọ tó ta epo kò rẹ́ wọn jẹ. Ìyá mi náà kò ṣì í pè.

Oru tó ń jáde lára epo mọ́tò ló ń gbaná, kódà bí epo náà bá tutù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra epo, ẹ má pe orúkọ òyìnbó nìkan. Ẹ sọ pé epo fìtílà ni ẹ fẹ́. Ẹ tún wo ẹ̀bá ọ̀nà wa níbí: epo mọ́tò tó ń ti Nàìjíríà wá, tí àwọn Gùn ń pè ní kpayo, inú ìgò ọtí ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, irú ìgò tí ọ̀pọ̀ wa ń rọ epo fìtílà sí nílé.

Ìyá mi kékeré wá sí kíláàsì mi nígbà tó yá. Ìka ọwọ́ náà kò nà tán mọ́, ìkọ̀wé wọn kò yá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbòmíràn yàtọ̀ sí inú ìwé ni EPO FÌTÍLÀ. Ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Iná oòrùn ni wọ́n ń lò báyìí, àdín tí wọ́n fi ń para ló wà nínú ìgò náà. Mo ní kí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́ kó má baà ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé kí ni ìyá àgbà ń dà sí àtùpà tiwọn, bí kì í bá ṣe àdín.