Dáìsì, Ìwé Àmì àti Òǹkà Yorùbá ní Koumassi

Koumassi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbègbè ńlá ìlú Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orí erékùṣù Petit-Bassam ni ó wà, níbi tí Treichville àti Marcory náà wà, ó sì wà lára àgbègbè mẹ́wàá tí òfin sọ di ìjọba ìbílẹ̀ ní Abidjan ní ọdún 1980. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò tí wọ́n sì ń tọ́mọ ní ìlú yìí. Yorùbá ni àgbà ń sọ nínú ilé, Faransé ni ọmọ ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, Dioula sì ń dún nínú ọjà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, òǹkà wà lára ohun tí ó máa ń tètè sá kúrò lẹ́nu ọmọ. Ọmọ lè kí bàbá rẹ̀ dáadáa ní Yorùbá, kí ó sì yí padà ka ṣẹ́ńjì ní Faransé. Ìtàn eré dáìsì kan fi hàn pé ìdí ayò wà lára ibi tí a ti lè pe òǹkà náà padà.

Kì í ṣe lúdò ni eré náà. Lúdò gbajúmọ̀ gidigidi ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Inú pachisi ti ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti jáde, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta lúdò kì í kọ nǹkan sílẹ̀, bí dáìsì méjì bá sì jọ balẹ̀, iye ojú wọn kò lè kọjá méjìlá.

Eré tí a ń sọ ni èyí tí Edwin S. Lowe gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, tí ó pè ní Yahtzee. Irú rẹ̀ kan wà tí àwọn ará ilẹ̀ Faransé ń pè ní Yam's. Dáìsì márùn-ún ni a ń jù. Ẹni tí ó kàn lè jù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó máa ṣa èyí tí ó wù ú sọ́tọ̀, kí ó tún ìyókù jù. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ àmì rẹ̀ sí ọ̀kan nínú àyè mẹ́tàlá tó wà nínú ìwé. Ohun tí ó bá ti kọ kò ṣeé pa rẹ́. Bí kò bá sí àyè tí ó bá a mu, òdo ni yóò kọ. Orí ta ni ń darí dáìsì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ń yan àyè.

Nígbà tí eré yìí kọ́kọ́ dé ọjà, kò tà. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn kò lè fi adùn rẹ̀ han ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án. Lowe wá ń pe àwọn ènìyàn sí àpèjẹ, kí wọ́n jókòó ta á. Àwọn tí ó wá lọ sọ fún ojúlùmọ̀ wọn, ọjà sì yá. Ní ọdún 1973 ni Milton Bradley ra ilé iṣẹ́ Lowe.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ayò ọlọ́pọ́n ní ilé méjìlá àti ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Àwọn ará Côte d'Ivoire mọ irú rẹ̀ sí awalé. Kò di dandan kí ènìyàn ka ìwé kí ó tó mọ ayò ta: ọ̀pè a jókòó ti ọ̀ta, òǹwòran a sì máa dá sí i. Jíjù kí a tó fi àmì sílẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun tuntun. Ìdáfá kì í ṣe eré o, ṣùgbọ́n babaláwo a máa fi ọwọ́ gbọ́n ikin mẹ́rìndínlógún: bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ àmì méjì sínú ìyẹ̀rósùn, bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ẹyọ kan.

Ohun tí eré Lowe ní fún olùkọ́ èdè wà nínú àwọn àmì rẹ̀. Mẹ́ta tí ó jọra pẹ̀lú méjì tí ó jọra ń gba ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn márùn-ún dín ní ọgbọ̀n. Mẹ́rin tí ó tẹ̀léra ń gba ọgbọ̀n. Márùn-ún tí ó tẹ̀léra ń gba ogójì, ìyẹn ogún méjì. Márùn-ún tí ó jọra ń gba àádọ́ta, ìyẹn ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta. Bí àpapọ̀ apá òkè ìwé bá tó ẹ̀tàlélọ́gọ́ta, èrè rẹ̀ jẹ́ àrúndínlógójì. Ìṣirò wà nínú orúkọ wọn. Ní ọdún 1887 ni míṣọ́nnárì Adolphus Mann ti tẹ àlàyé lórí òǹkà yìí jáde. Faransé gba ọ̀nà mìíràn: ogún àti márùn-ún ni vingt-cinq; ọgọ́ta àti mẹ́wàá ni soixante-dix, nígbà tí àádọ́rin jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́rin. Síbẹ̀, èdè méjèèjì pàdé lórí quatre-vingts, nítorí ogún mẹ́rin ni, ogún mẹ́rin náà sì ni ọgọ́rin.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ó gbàlejò ayò ní Koumassi ju kí ó tẹ́ ẹní lọ. Kí ó kọ́kọ́ ta ìpele kan ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn rí ìdí tí ó fi yan àyè tí ó yàn. Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé má kọ iye kankan àfi bí ẹni tí ó ju dáìsì bá pè é ní Yorùbá. Bí ọmọ bá fi Faransé pè é, kí a má fi ṣẹ̀sín. Kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a tú u: ọgbọ̀n ni, mú márùn-ún kúrò. Bí ó bá tún kàn án, yóò pè é fúnra rẹ̀. Dáìsì márùn-ún, bébà àti bírò kò wọ́n. Ohun tí ọmọ náà nílò jù ni àgbà tí yóò jókòó tì í títí àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá yóò fi kún.