Láti Orí Ọ̀kọ̀ dé Ojú Kámẹ́rà: Ìtàn Ìrìn Àjò Ìgbà Ìwọ́wé ní New England

Lọ́dọọdún, láti àárín Oṣù Kẹsàn-án títí di òpin Oṣù Kẹwàá, àwọn èèyàn láti ọ̀nà jíjìn a máa ya wọ New England, ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní igun àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, kámẹ́rà lọ́rùn wọn. Wọ́n á sanwó fún amọ̀nà kó lè mú wọn dé ibi tí ewé igi ti ń pọ́n, ibi tí ẹyẹ ti ń gba ojú ọ̀run kọjá lọ sí gúúsù, àti ojú òkun níbi tí àbùùbùtán ti ń jẹ àjẹyó ìkẹyìn kó tó forí lé omi gbígbóná. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti ń bọ́ sí àkókò kan náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ fọ́tò. Ohun tí ọmọ èèyàn ń bá lọ síbẹ̀ ló yí padà. Ní igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀kọ̀, ìbọn àti àáké ni wọ́n ń gbé lọ.

Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ará erékùṣù Nantucket ti sọ ọdẹ àbùùbùtán di iṣẹ́ òòjọ́. Òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan fìtílà ní Boston àti ní London, òun náà ni wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kó lè máa yí geere. Nígbà tó di 1846, ọkọ̀ ọdẹ àbùùbùtán tí Amẹ́ríkà ní ti lé ní 700, New Bedford sì ni èbúté tó ní púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Ìlú yẹn ni alágbẹ̀dẹ aláwọ̀ dúdú kan, Lewis Temple, ti rọ irú ọ̀kọ̀ tuntun kan ní 1848. Ọ̀kọ̀ àtijọ́ a máa yọ bọ́ nígbà tí ẹran náà bá ń jà. Ti Temple ní orí tó ń yí dábùú nínú ẹran. Bí okùn bá ti fà á, ó há nìyẹn. Kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù sì ń rọ irú rẹ̀ tà títí tó fi kú ní 1854.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Titusville, Pennsylvania, kẹrosíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà lọ́wọ́ òróró àbùùbùtán. Ní 1871, yìnyín ká ọkọ̀ ọdẹ 33 mọ́ etíkun Alaska; ẹ̀mí kankan kò bọ́, ṣùgbọ́n àdánù náà wọ àwọn olówó New Bedford lára débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kó owó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ aṣọ híhun. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni ọdẹ náà kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní èbúté yẹn. Òkun dákẹ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Lórí ilẹ̀, àáké ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Vermont ṣán igbó kalẹ̀ nítorí àgùntàn, nígbà tó sì di 1840, àgùntàn ìpínlẹ̀ náà ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ó ju ìlọ́po márùn-ún iye èèyàn lọ. Òkè tí àlejò ń lọ wò lónìí, pápá gbalasa ló jẹ́ nígbà yẹn. Ipa odò Erie tí wọ́n gbẹ́ parí ní 1825, àti ọkọ̀ ojú irin tó tẹ̀ lé e, ló ṣí ilẹ̀ ọlọ́ràá ti ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀. Owó irun àgùntàn já wálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì kó lọ. Oko tí wọ́n fi sílẹ̀ di igbórò, igbórò di igbó. Lónìí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ Vermont ló jẹ́ igbó. Ẹwà tí wọ́n ń pè ní ti àtayébáyé níbẹ̀, oko tí àgbẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí igbó ń padà bọ̀ ni àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe àkíyèsí ayé sí àwọ̀ rẹ̀. Ní 1860, Jasper Cropsey gbé àwòrán odò Hudson ní ìgbà ìwọ́wé síwájú àwọn ará London. Àwọ̀ náà ya àwọn kan lẹ́nu débi pé wọn kò gbà á gbọ́. Cropsey sì kó ewé gidi láti Amẹ́ríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ní Oṣù Kẹwàá 1862, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé Henry David Thoreau, ìwé ìròyìn kan ní Boston tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àwọ̀ ìgbà ìwọ́wé jáde. Ó dá igi kọ̀ọ̀kan sọ, ó sì sọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pọ́n. Ìmọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí ọ̀sán bá ti ń kúrú, igi á dẹ́kun láti máa ṣe àwọ̀ ewé tútù, àwọ̀ ìyeyè tó ti fara pa mọ́ lábẹ́ rẹ̀ látilẹ̀ á yọ síta, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa igi maple, tuntun ni igi ń ṣe é láti inú ṣúgà tó kù sínú ewé. Ọ̀sán olóòrùn àti òru tó tutù láìdi yìnyín ló ń mú kí pupa náà rinlẹ̀. Ní 1869, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gun Mount Washington ní New Hampshire, àwọn ilé ìtura ńláńlá sì ti ń dìde ní àyíká rẹ̀.

Ìjà ni wọ́n jà kí wọ́n tó dá ẹ̀mí ẹyẹ sí, ìjà náà sì le. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìyẹ́ ẹyẹ lórí fìlà ni àṣà àwọn obìnrin ọlọ́lá, àwọn ọdẹ sì ń pa ẹyẹ funfun inú àbàtà níbi ìtẹ́ wọn. Ní 1896, ìyá ọlọ́lá méjì ní Boston, Harriet Hemenway àti Minna Hall, pe àwọn ẹgbẹ́ wọn jọ sídìí tíì, wọ́n sì rọ̀ wọ́n láti má ṣe dé irú fìlà bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú ìpàdé wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ Audubon ti Massachusetts ti jáde. Òfin Lacey tó ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ tẹ̀ lé e ní 1900, òfin ẹyẹ aṣíkiri sì dé ní 1918. Láàárín àkókò yìí kan náà, kámẹ́rà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ nìkan. George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak rẹ̀ jáde ní 1888. Ní Oṣù Keje 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ àwòrán ẹran ìgbẹ́ 74 tí George Shiras yà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lóru pẹ̀lú iná fíláàṣì. Ọdẹ ni Shiras tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìbọn àti kámẹ́rà ti kojú ara wọn ni orí òkè kan ní Pennsylvania, ní ìhà gúúsù New England, tí àwọn àṣá ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé. Afẹ́fẹ́ tó kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè náà ló ń gbé wọn sókè, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju apá, wọ́n sì ń fò súnmọ́ orí àpáta tímọ́tímọ́. Ohun tó mú kí ó rọrùn láti yìnbọn lù wọ́n nìyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ń sanwó fún ẹni tó bá pa irú àṣá kan láti 1929. Ní 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Pough, gun òkè náà lọ, ó ṣa òkú àṣá jọ ní ìlà-ìlà sórí ilẹ̀ igbó, ó sì ya fọ́tò wọn. Fọ́tò wọ̀nyí dé ọwọ́ Rosalie Edge, obìnrin kan tó ń jà fún ẹyẹ ní New York. Ní 1934, ó háyà ilẹ̀ éékà 1,400 lórí òkè náà, ó sì fi Maurice Broun ṣọ́ ọ. Broun àti ìyàwó rẹ̀ Irma ń dá àwọn ọdẹ padà lójú ọ̀nà, Broun sì ń jókòó sórí àpáta láti ka àwọn àṣá bí wọ́n ṣe ń kọjá. Hawk Mountain ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó ń gun òkè náà tẹ́lẹ̀ nítorí ìbọn pẹ̀yìn dà, àwọn tó ń bọ̀ wá wòran sì rọ́pò wọn. Ìkàyé Broun wúlò fún Rachel Carson nígbà tó ń kọ ìwé rẹ̀ ti 1962 lórí oògùn apakòkòrò.

Mọ́tò àti fíìmù aláwọ̀ ló sọ wíwo ewé di ìrìn àjò gbogbo èèyàn. Ọ̀nà Mohawk Trail ní Massachusetts ṣí ní 1914, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n là fún ìgbafẹ́ onímọ́tò. Fíìmù aláwọ̀ Kodachrome dé ní 1935, ọdún kan lẹ́yìn náà ló sì wọ kámẹ́rà kékeré tí èèyàn lè gbé kọ́rùn. Ìgbà ìwọ́wé 1946 ni ìwé ìròyìn Vermont Life bẹ̀rẹ̀, àwòrán aláwọ̀ ló sì fi ń pe àlejò wọ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó so ẹyẹ àti ewé pọ̀ nínú kámẹ́rà kan ni Eliot Porter, dókítà ìṣègùn tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí fọ́tò. Kodachrome àti fíláàṣì ló fi ń ya ẹyẹ nídìí ìtẹ́ wọn, ní 1943 sì ni ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ti New York gbé àwọn àwòrán ẹyẹ aláwọ̀ rẹ̀ kọ́. Ní 1962, ìwé ńlá rẹ̀ lórí igbó New England jáde, ọ̀rọ̀ Thoreau lójú ewé kan, àwòrán lójú ewé kejì.

Ní Oṣù Kẹwàá 1947, lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn, iná sọ ní Mount Desert Island, erékùṣù tí ọgbà Acadia wà ní Maine. Ó jó ilẹ̀ tó lé ní éékà 17,000, ó sì sọ ilé ńláńlá àwọn ọlọ́rọ̀ Bar Harbor di eérú. Igi spruce, tí kì í wọ́wé, ló bo ibẹ̀ ṣáájú iná náà. Igi birch àti aspen, tí ewé wọn ń di wúrà kó tó wọ́, ni wọ́n hù rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ tí ń mú kí àwọn ayafọ́tò gun òkè Cadillac ní ìdájí lónìí, inú iná yẹn ló ti jáde. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn iná yẹn, ní 1952, ẹyẹ kan tí àwọn olùwòran kò mọ̀ rí fara hàn ní Massachusetts. Lékeléke ni, ẹyẹ tó máa ń tẹ̀ lé màlúù káàkiri pápá nílẹ̀ wa. Àwọn kan nínú ìran rẹ̀ ti fò láti Áfíríkà la Òkun Àtìláńtíìkì já dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àbùùbùtán padà sí ìrònú àwọn èèyàn láti etíkun kejì. Ní 1950, wọ́n ṣí ilé ológun àtijọ́ kan sílẹ̀ ní San Diego, California, kí ará ìlú lè máa ti orí òkè wo àbùùbùtán tó ń kọjá. Ní 1955, apẹja kan níbẹ̀, Chuck Chamberlin, bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là kan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ wò ó nítòsí. Ní 1970, onímọ̀ kan, Roger Payne, gbé orin àbùùbùtán abuké jáde lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì gbọ́ ohùn ẹran náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Òfin ààbò ẹran òkun dé ní 1972. Ní 1975, Al Avellar, kápítéènì tó ń gbé àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ṣeré kiri ní Provincetown, ní orí ilẹ̀ Cape Cod, pinnu láti gbé olùwòran. Ó bá onímọ̀ kan, Charles Mayo, ṣe àdéhùn: Mayo yóò máa ṣàlàyé fún àwọn èrò, òun náà yóò sì máa rí ààyè ṣe ìwádìí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Àdéhùn yìí ló di àwòkọ́ṣe ní gbogbo etíkun náà. Stellwagen Bank tí wọ́n ń lọ kò jìnnà. Òkìtì iyanrìn ni lábẹ́ omi, tó ń ti omi tútù sókè, tó sì ń kó ẹja wẹ́wẹ́ jọ fún àbùùbùtán abuké láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé.

Kámẹ́rà di irinṣẹ́ ìmọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí. Nígbà tí àbùùbùtán abuké bá fẹ́ rì wọlẹ̀, á gbé ìrù rẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, dúdú àti funfun abẹ́ ìrù náà kò sì bára mu lára ẹran méjì. Àwọn onímọ̀ ní College of the Atlantic ní Bar Harbor bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò ìrù wọ̀nyí jọ láàárín àwọn ọdún 1970. Ọ̀kan tí Avellar kọ́kọ́ rí, tó ní àpá funfun lórí ẹ̀yìn, ni wọ́n sọ ní Salt. Nígbà tí wọ́n rí Salt yìí kan náà ní omi Dominican Republic ní 1978, ó hàn gbangba pé ibẹ̀ ni àwọn ẹran New England ń lọ bí ewé bá ti wọ́ tán.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ fọ́tò ló wá so gbogbo rẹ̀ di ìrìn àjò kan. Ansel Adams ti ń kọ́ àwọn ènìyàn lọ́dọọdún ní àfonífojì Yosemite láti 1955. Ní 1973, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣí ní Rockport, Maine. Ní ti ẹyẹ, ní 1976 ni àwọn olùwòran bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣá lójoojúmọ́ ní Cape May, New Jersey, níbi tí ilẹ̀ ti dópin tí ẹyẹ sì máa ń rá bàbà kó tó dá ẹnu òkun kọjá. Amọ̀nà tó gbọ́n kọ́ láti fi ìdájí fún òkè, ọ̀sán fún ọkọ̀ ojú omi, ìrọ̀lẹ́ fún àbàtà. Ọjọ́ tí òjò bá sì ń ṣẹ́, á kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú igbó, nítorí pé ewé tó tutù ló ń gbé àwọ̀ jáde jù, tí kò bá sí oòrùn tó ń dán lójú rẹ̀. Kámẹ́rà dígítà tó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn 2000 bu kún èyí. Láti 2002, ẹyẹ tí àlejò bá rí lè wọ inú àkọsílẹ̀ eBird ti yunifásítì Cornell. Láti 2015, ẹni tó bá ya fọ́tò ìrù àbùùbùtán lè fi ránṣẹ́ sí Happywhale, wọ́n á sì sọ fún un ibi tí wọ́n ti rí ẹran náà rí.

Bí àwọn olùwòran ṣe ń pọ̀ sí i ni òfin ń pọ̀ sí i. Stellwagen Bank di ibi ààbò ìjọba àpapọ̀ ní 1992. Láti 1997, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dé nǹkan bí mítà 457 sí irú àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní right whale, tí èyí tó kù ní Àtìláńtíìkì Àríwá kò tó 400. Láti 2008 sì ni ọkọ̀ ńlá ti gbọdọ̀ rọra rìn níbi tí wọ́n bá wà ní àkókò wọn. Ní 2021, Acadia bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìforúkọsílẹ̀ ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò gun òkè Cadillac. Ní ìgbà ìwọ́wé 2023, ìlú kékeré Pomfret ní Vermont ti ọ̀nà Cloudland pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí oko kan tí fọ́tò rẹ̀ ti kún orí Instagram. Ilé onílé ni oko náà, kì í ṣe ibùdó ìgbafẹ́. Àwọn àlejò ń wọ inú ọgbà rẹ̀ láìgbàṣẹ, mọ́tò wọn sì ń dí ọ̀nà. Àwọn olùgbé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà láyè láti wakọ̀ kọjá ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn.